Lẹ́tà Tí Mo Bá Kábíyèsí Kọ

Ní ìlú wa, ìlú kékeré kan tó fẹ̀yìn ti àpáta láàárín Ọ̀kà àti Ìkàrẹ́, àdúgbò bàbá mi ló ń ro ọ̀nà ààfin. Lọ́dọọdún, kí a tó jẹ iṣu tuntun, àwọn ọkùnrin àdúgbò náà á kó àdá jáde, wọ́n á ro ọ̀nà náà títí dé ẹnu géètì ọba. Ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ rò ó. Bí a kò bá sì tíì rò ó, ọba kò lè jáde wá fọwọ́ kan iṣu, ìlú kò sì lè jẹ ẹ́ ní gbangba. Mo ní gbangba, nítorí onígbàgbọ́ ni gbogbo wa, a ti ń jẹ ẹ́ nínú ilé láti bí oṣù kan ṣáájú.

Bàbá mi ni olórí àdúgbò náà. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọ́n sì ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n pẹ̀lú Kábíyèsí. Wọ́n jọ dàgbà, wọ́n jọ jí ọsàn ká. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba gbé adé Kábíyèsí ga sí i, tí wọ́n fún wọn ní ọ̀pá àṣẹ àti ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fi gíláàsì bò, nǹkan yí padà. Àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sórí bẹ́ǹṣì kí wọ́n tó lè rí ọba. Lẹ́yìn náà, Kábíyèsí yan olórí tuntun lé àdúgbò wa lórí dípò bàbá mi, kọngílá kan tó ń gbé Àkúrẹ́, tó jẹ́ pé Kérésìmesì nìkan ló ń mú un wálé. Kábíyèsí kò bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Àdúgbò wa kò gbà á, ṣùgbọ́n wọn kò pariwo. Wọ́n kàn fi àdá kọ́ ara ògiri. Koríko dé orúnkún, ó dé ìbàdí. Gbogbo ọ̀tẹ̀ náà kò ju ìyẹn lọ.

Ìkàrẹ́ ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Àwọn èèyàn mọ̀ mí sí ẹni tó máa ń fi àwọn ẹni ńlá ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìwé ìròyìn. Lọ́jọ́ kan, Kábíyèsí pè mí lórí fóònù.

“Ọ̀jọ̀gbọ́n wa.”

“Kábíyèsí o. Kí adé pẹ́ lórí.”

“Mo fẹ́ kọ̀wé sí ìjọba lórí koríko yìí. Òyìnbó akọ̀wé mi kò tó nǹkan. Kí wọ́n kàn bá mi pe àwọn èèyàn yẹn, kí wọ́n bá wọn wí.”

“Kábíyèsí, bàbá mi ni olórí àwọn èèyàn yẹn.”

“Ṣé mo ní kí wọ́n pa á ni? Ẹgbẹ́ mi kọ́ ni? Ṣáà kọ ọ́ kó dùn.”

Ó yẹ kí n kọ̀. Àmọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́rìn-ín, mo sì pinnu láti fi lẹ́tà Kábíyèsí bú Kábíyèsí. Mo kọ ọ́ pé àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti dó ti ààfin. Mo ní ìtẹ́ àwọn baba ńlá ń mì, ó sì ku apá ńlá ìjọba nìkan tó lè gbà á là. Mo ń dá rẹ́rìn-ín lórí tábìlì. Mo rò pé ẹni tó bá kà á á rẹ́rìn-ín, á sì sọ ọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí. Mo gbàgbé pé wọn kì í gba èèyàn síṣẹ́ ìjọba nítorí ẹ̀rín. Láyé àwọn Òyìnbó, ajẹ́lẹ̀ máa ń rán ọmọ ogun wá gbèjà ọba tó bá ń ṣe tirẹ̀. Àwọn Òyìnbó ti lọ. Wọ́n gbàgbé fìlà wọn sílẹ̀, ó sì bá àwọn tiwa lórí mu.

Mọ́tò mẹ́ta ló gbé àwọn ọlọ́pàá kògbérégbè wá. Wọ́n bá obìnrin kan tó ń sá ẹ̀gẹ́ sórí àpáta.

“Màmá, àwọn ọlọ̀tẹ̀ dà?”

Obìnrin náà nawọ́ sí koríko. “Àwọn nìyẹn. Ẹ rọra o, wọ́n pọ̀.”

Kò pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Wọ́n lọ sílé wa, wọ́n gbé bàbá mi lọ sí tẹ́ṣàn ní Ọ̀kà.

Mo sáré láti Ìkàrẹ́ wá gba béèlì wọn. Nígbà tí mo débẹ̀, orí bẹ́ǹṣì ni wọ́n wà, wọn kò dé fìlà. A wọ ọkọ̀, a kọjá ìlú Etioro lójú ọ̀nà ilé.

“Ọ̀gá ọlọ́pàá ka lẹ́tà kan sí mi létí,” ni bàbá mi wí. “Òyìnbó inú rẹ̀ kò ní àbùkù. Wọ́n ní mo dó ti ààfin. Èmi tí n kò lè dá gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì mọ́.”

“Bàbá, èmi ni mo kọ ọ́. Ẹ̀fẹ̀ ni mo fi ṣe.”

Wọ́n ń wo ojú ọ̀nà.

“Nígbà tí wọ́n ń tì mí wọnú ọkọ̀, fìlà mi bọ́ sílẹ̀ lójú àwọn ọmọ tí mo kọ́ níwèé. Ṣé ibẹ̀ ló dùn jù nínú ẹ̀fẹ̀ náà?”

Wọ́n yíjú sí mi.

“Ta ló tún mọ̀?”

“Kábíyèsí nìkan.”

“Ó dáa. Ní ọ̀la, ìwọ fúnra rẹ ni yóò sọ fún àdúgbò.”

Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ní àdúgbò wa, ẹni tó bá fa àlejò wọ ìjà ilé, ẹnikẹ́ni kì í dá a lóhùn mọ́ títí a ó fi ro ọ̀nà ààfin lẹ́ẹ̀kan sí i. Olórí àdúgbò ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa ẹnu mọ́. Bàbá mi lè bò mí láṣìírí. Mo retí pé wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn kò ṣe é.

Lọ́jọ́ kejì, mo dúró níwájú ilé wa, mo jẹ́wọ́. Bàbá àgbàlagbà kan mi orí. “Ó kàwé kàwé, ó fi ìwé mú bàbá rẹ̀.” Bàbá mi dìde. “Mo gbọ́,” ni wọ́n wí. Láti ìgbà náà, wọn kò tíì bá mi sọ̀rọ̀.

Nígbà tó ṣe, Kábíyèsí ránṣẹ́ pè mí. Àwọn ọlọ́pàá ti sọ gbọ̀ngàn ààfin di ilé. Wọ́n sá ṣòkòtò sára òpó, wọ́n ń jẹ iṣu ọba. Ọ̀gá wọn tiẹ̀ fẹ́ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bá Kábíyèsí gé koríko náà. Kábíyèsí di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ rò ó.

“Bí mo bá fẹ́ lọ kí ẹgbẹ́ mi, àwọn mẹ́fà ló máa tẹ̀ lé mi pẹ̀lú ìbọn,” ni Kábíyèsí wí. “Ṣé ìyẹn ni mo fẹ́ gbé wọlé rẹ̀?”

“Ẹ ní kí wọ́n máa lọ.”

“Mo ti sọ. Wọ́n ní èmi kọ́ ni mo rán wọn. Bá mi kọ òmíràn. Má fi àpárá sí i.”

“Ẹ mọ̀ pé àpárá ni ti àkọ́kọ́?”

“Mo mọ̀. Mo rò pé ó máa wúlò fún mi.”

Mo kọ ọ́, ìlà márùn-ún péré: koríko ni, kì í ṣe ogun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó àwọn èèyàn yín. Títí di òní, ìjọba kò fèsì.

Mo ń lọ sílé ní gbogbo Sátidé. Mo máa ń dọ̀bálẹ̀, mo máa ń kí wọn. Bàbá mi á máa wo òkè. Ọmọ Ṣósàn ni màmá mi, ibòmíràn ni wọ́n ti wá, òfin àdúgbò wa kò mú wọn, nítorí náà àwọn ló ń dá mi lóhùn. Ní Sátidé tó kọjá, bàbá mi ń wúkọ́, ikọ́ tí n kò fẹ́ràn ìró rẹ̀.

“Bàbá, ṣé ẹ ti lo oògùn?”

Wọ́n wo màmá mi.

“Ó ní ṣé ẹ ti lo oògùn,” ni màmá mi wí.

“Mo ti lò ó,” ni wọ́n dá màmá mi lóhùn.

Mo jókòó tì wọ́n títí di ọ̀sán. Wọn kò lé mi.