Egbò Tí Kò Dunni

Ọmọ mi ṣubú, orúnkún rẹ̀ bó. Bí mo ti ń da oògùn pupa sí i, òórùn oògùn náà gbé mi padà sí ọ̀sán ọjọ́ kan ní Issaba.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ìyá àgbà jókòó lábẹ́ igi, wọ́n ń bẹ ẹ̀gẹ́. Egbò ńlá kan wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi, inú rẹ̀ funfun bí òwú. Ìyá àgbà máa ń sọ pé egbò tí kò bá ti dunni, ó ti ń san nìyẹn. Adìẹ kan rìn wá, ó ń ṣá ojú egbò náà jẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ń bẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ, kò tilẹ̀ wolẹ̀. Ẹnu yà mí. Irú akin wo lèyí?

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ ìyá àgbà.

“Kò dùn ẹ́ ni?”

“Kí ni, Ìyá?”

“Dìde. Ilé ìwòsàn Pobè là ń lọ nísinsìnyí.”

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé kòkòrò kan tí ojú kò lè rí ló ń jẹ ẹran ara rẹ̀, òun náà ló sì ń pa ibẹ̀ kú kó má baà dùn ún.

Ọmọ mi ń ké tẹnutẹnu. Bó ti ń ké ni ọkàn mi ń balẹ̀.