Odi Tí Mo Ṣí fún Káyọ̀dé

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń gbá géèmù, ogun tí àwa jà nínú géèmù orí fóònù kò ṣojú yín, wọ́n ti pa géèmù náà rẹ́. Ọjọ́ tí kànga ìta odi gbẹ ni ayé dàrú mọ́ wa lọ́wọ́ níbẹ̀. Iná ti jó gbogbo ìlú inú géèmù náà kí a tó dé. Omi kan ṣoṣo tó kù wà nínú odi, ẹni tó bá sì kú níbẹ̀ kò lè padà sínú géèmù náà mọ́ láéláé.

Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi n'Íjerò ni mo ti ja ogun náà, pẹ̀lú íápíìsì létí. Ẹgbẹ́ Olódi ni mo wà. Àwọn ló fún mi lómi nígbà tí òùngbẹ fẹ́ pa mí, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Àwọn náà ló ń lé aláìsàn síta odi kí ẹranko lè pa wọ́n jẹ. Káyọ̀dé àbúrò mi, tó ń gbé Òkè-Ìmẹ̀sí, wà nínú ẹgbẹ́ Aṣínà. Wọ́n ní gbogbo ayé ló ni omi, ṣùgbọ́n oko ẹni tí kò bá tẹ̀ lé wọn, wọ́n á dáná sun ún. Mo bú u títí, òun náà bú mi.

Òjò ń rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já. Èmi ni mò ń ṣọ́ ilẹ̀kùn odi nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣí ulẹ̀kùn fún mi. Òùngbẹ ti fẹ́ pa mí."

Ọ̀gá wa pariwo láti òkè odi: "Má ṣí i o! Aṣínà ni!"

"Àbúrò mi ni, ọ̀gá!"

Nílé wa, a kì í fi omi du ara wa. Mo ṣí i.

Èrò Aṣínà rọ́ wọlé lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn. Wọ́n gbé àwọn aláìsàn tí a ti lé jáde dání, àwọn ni wọ́n sì kọ́kọ́ fún lómi. Ọ̀gá wa yìnbọn lu àwọn aláìsàn náà. Àwọn Aṣínà dáná sun ilé tí àwọn ọmọ wa sá sí.

"Káyọ̀dé, ṣé o mọ̀ pé wọ́n wà lẹ́yìn rẹ?"

Ó ń sáré lọ. Mo rí i tó ṣubú kí ó tó débi omi. Mi ò mọ ẹgbẹ́ tí ìbọn náà ti wá. Mo yọ íápíìsì kúrò létí. Òjò orí páànù nìkan ni mò ń gbọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Káyọ̀dé fúnra rẹ̀ gun ọ̀kadà wá sí Ìjerò, ó kanlẹ̀kùn ilé mi.

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Ọwọ́ mi ti wà lórí kọ́kọ́rọ́. Mo ní, "Ìwọ àti ta ni?"

Ó ní òun nìkan ni. Mo kọ́kọ́ yọjú lójú fèrèsé.