Omi Tí Bàbá Aránṣọ Fún Ọ̀tá Mu

Ìyá mi ń dirun fún mi níta lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ̀ kan dúró níwájú ilé wa ní Ìkàtẹ́. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ó fi ọ̀dà pupa kọ àmì ńlá sára ògiri wa. Ó ní ọ̀gá òun ló ni ilẹ̀ náà, tó bá di ọjọ́ keje, òun yóò wó gbogbo àdúgbò, ẹni tó bá wà nínú ilé, kó wà níbẹ̀. Ọwọ́ ìyá mi dúró jẹ́ẹ́ nínú irun mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà.

N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, torí àwọn kan nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ṣì wà láyé.

Mo sá lọ sọ́dọ̀ Bàbá aránṣọ, aládùúgbò wa. Òórùn òróró ẹ̀rọ àti èéfín áyọ́ọ̀nù eléèédú ló máa ń kún ṣọ́ọ̀bù wọn. Bí wọ́n bá ti ń fẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ, wọ́n máa ń sọ ìtàn balógun Mùsùlùmí kan fún àwa ọmọdé, ẹni tó ṣe olórí ìjọba ní Íjíbítì láyé àtijọ́ kó tó gba ìlú Jerúsálẹ́mù. Lọ́jọ́ náà, wọn ò dá ẹ̀rọ dúró. Wọ́n ní lẹ́yìn ogun ńlá kan, wọ́n mú ọba ọ̀tá wá síwájú balógun yìí, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó ń gbọ̀n. Balógun gbé omi tútù fún un. Láàárín àwọn Lárúbáwá, ẹrú ogun tó bá ti mu omi ẹni tó mú un, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ pa á mọ́. Nígbà tó sì gba Jerúsálẹ́mù, tí àwọn ará ibẹ̀ ń retí idà, kò jẹ́ kí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ pa wọ́n.

Mo bi Bàbá bóyá balógun náà lè gbà wá. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó ti kú tipẹ́, àwa la kù.

Òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ keje. Ọkọ̀ méjì dé, àmọ́ yanrìn gbé táyà wọn mì kí wọ́n tó dé ilé àkọ́kọ́. Àwọn ọ̀dọ́ wa yí wọn ká pẹ̀lú kùmọ̀ àti bẹntiróòlù. Ọkùnrin ọlọ́dà ọjọ́sí ni olórí àwọn tó wà nínú ọkọ̀, ó ń làágùn. Ìyá mi fọwọ́ bò mí lójú, mo ń yọjú láàárín ìka wọn.

Bàbá gba àárín èrò kọjá, ife omi wà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀dọ́ kan ní, "Bàbá, ẹ padà sídìí ẹ̀rọ yín. Èyí kì í ṣe aṣọ rírán."

"Èmi ni mo rán ṣòkòtò tó wà nídìí rẹ. Sún sẹ́yìn kí n tó gbà á padà."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n yàgò. Bàbá kọ́kọ́ mu díẹ̀ nínú omi náà, kí ọkùnrin yẹn lè rí i pé kò ní májèlé, wọ́n wá nà án sí i. Ó mu ún tán.

"Ó ti mu omi mi. Ẹni tó bá nà án, èmi ló nà." Wọ́n kọjú sí ọkùnrin náà. "Ìwọ náà ti mu omi wa. Ilé ta lo wá wó nínú wa?"

Ó dá ife náà padà fún Bàbá, ó ní kí àwọn èèyàn òun jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ jó ọkọ̀ méjèèjì ló bá a tì wọ́n jáde nínú yanrìn.

Ọ̀gá tó rán an kò jáwọ́, ó pè wá lẹ́jọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún la fi lọ sí kóòtù, títí ọkùnrin tó mu omi yẹn fi wá jẹ́rìí pé ayédèrú ni ìwé ilẹ̀ tí ọ̀gá òun ń gbé kiri, ojú òun ni wọ́n ṣe ṣe é. Lọ́jọ́ tí adájọ́ ní àwa la ni ilẹ̀ wa, àwọn Mùsùlùmí ń ké Allahu Akbar, àwọn ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ń lu agogo, a jọ kún ojú ọ̀nà títí délé. Mo ti di ọ̀dọ́bìnrin nígbà náà. Mo bi Bàbá bóyá ẹ̀rù bà wọ́n níwájú kùmọ̀ wọ̀nyẹn.

"Ẹ̀rù bà mí débi tí mo gbàgbé bàtà sílé."

Mo ti rò pé ẹ̀rù kì í ba akọni. Lónìí, nínú ilé tí mo kọ́ sórí ilẹ̀ yẹn, àyà mi ṣì ń já bí wọ́n bá kanlẹ̀kùn gbàgbàgbà. Èmi náà ni mo máa ń dìde lọ ṣí i.