Ibi Tí Orville Na Ọwọ́ Sí

Tó o bá sọ irú iṣẹ́ tí Orville Teasdale ń ṣe ní Hollywood fún ẹni tí kì í ṣe ará ibẹ̀, á ní irọ́ lò ń pa. Iṣẹ́ ìdúró ni. Gíga rẹ̀ àti irun orí rẹ̀ bá ti òṣèré ńlá kan mu, òun ni wọ́n sì máa ń fi dípò onítọ̀hún tí àwọn oníná bá ń to iná wọn. Tí iná bá ti dára, òṣèré ńlá á dìde nídìí kọfí ẹ̀, Orville á yà fún un, kámẹ́rà á bẹ̀rẹ̀. Fíìmù kankan ò gbé ojú Orville rí.

Èyí tí wọ́n ń ṣe lọ́tẹ̀ yìí, ti olówó elépo rọ̀bì kan tí kò lójú àánú ni. Ó ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ opó, ó ti rẹ́ ọ̀rẹ́ jẹ, ó ti lé ìyàwó ẹ̀ jáde sínú òjò. Ó wá ku bó ṣe máa kú. Ọ̀gá Kessler tó ń darí fíìmù náà ò sọ ọ́ fún ẹnì kankan.

Ọ̀rọ̀ yìí ń yún Orville lára. Ó bi aránṣọ, ó bi ẹni tó ń kunjú fún wọn, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ó gbé e délé, kò lè sùn.

"Wọ́n á yìnbọn pa á ni," ni Verna ìyàwó ẹ̀ wí láàárọ̀, bó ṣe ń fi ẹ̀pà lílọ̀ ra búrẹ́dì tí ọkọ ẹ̀ máa gbé lọ síbi iṣẹ́.

"Rárá o. Inú kànga epo ẹ̀ ló máa já sí."

"Orville, o ò fojú kan oorun nítorí olówó tí kò sí láyé. Ṣé orí ẹ pé?"

"Ìwọ tó ń dá mi lóhùn látàná ńkọ́?"

Verna rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ ó kìlọ̀ fún un: "Má lọ sùn síbẹ̀ o." Ilé iṣẹ́ tó ti ń ránṣọ ti kógbá wọlé, iṣẹ́ Orville nìkan ló ń bọ́ wọn. Doyle, igbákejì Kessler, sì ti ká a mọ́bi tó ti ń tòògbé lẹ́ẹ̀kan. Ó ní tó bá tún sùn, kó wáṣẹ́ síbòmíì.

Àṣé bẹ́ẹ̀dì ikú olówó ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn! Bẹ́ẹ̀dì fẹ̀, ó rọ̀, aṣọ ṣẹ́dà ni wọ́n tẹ́ sí i.

"Dùbúlẹ̀, Orville. Má mira," ni Doyle wí.

Iná ń ràn án bí oòrùn ọ̀sán. Kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Orville sùn lọ.

"Ẹ ò wá wò ó! Ó ń hanrun!" Doyle ti pariwo.

"Pa ẹnu ẹ dé," ni Kessler wí jẹ́jẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo ọwọ́ Orville. Ọwọ́ ọ̀hún ti nà sí ìhà kejì bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo, ó ń táràrà lórí aṣọ. Kessler fọwọ́ kàn án. Orville ta gìrì.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má lé mi..."

"Kí lò ń wá níbẹ̀ yẹn?"

Orville wo ọwọ́ ara ẹ̀. Ojú tì í. "Ibi tí ìyàwó mi máa ń sùn sí ni, sà."

Kessler nà dìde. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá bí ọkùnrin yìí ṣe máa kú."

"Háà! Ẹ̀yin náà ò mọ̀ ni?" Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu Orville.

"Ta ló sọ fún ẹ pé mo mọ̀?" Ó pe òṣèré ńlá. "Wo ọwọ́ ẹ̀. Bó o ṣe ń kú lọ, ìyàwó tó o lé sínú òjò lò ń wá. O ò ní sọ nǹkan kan o."

"Kí n wá ní kó máa lọ, sà?" Doyle ò tíì gbà.

"Lọ bu kọfí fún un."

Nígbà tí Orville délé nírọ̀lẹ́, ẹnu ọ̀nà ni Verna ti pàdé ẹ̀. "Báwo ló ṣe kú?"

"Ó ń wá ẹ káàkiri bẹ́ẹ̀dì." Ó wá rò ó fún un látòkèdélẹ̀.

Verna káwọ́ lérí. "Èmi ni mo wà nínú fíìmù! Ẹnikẹ́ni ò sì ní rí mi."

"Bíi tèmi náà nìyẹn," ni Orville wí. Ó bọ́ bàtà, ó lọ sùn.