Obìnrin Ìfọ́n Tí Kò Lo Oògùn

Òórùn òrí ni mo fi ń rántí ọdún tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi. Kókó kan le gbagidi níkùn mi, kò sì dùn mí. Dípò kí n lọ sílé ìwòsàn, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kan tó ń wọ́ ikùn ní Ìlobù ni mo ń lọ. Á fi òrí pa mí níkùn, á tẹ̀ ẹ́, á tún un tẹ̀, á ní ó ti ń rọ̀. Èmi náà á máa dúpẹ́. Ẹ wo òmùgọ̀!

Nígbà tí mo fi máa dé ilé ìwòsàn ní Òṣogbo, kókó ti bẹ́ sínú ikùn. Dókítà bi mí pé, "Màmá, ta ló ń tẹ ikùn yìí?" Bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀lé tèmi ni wọ́n fún obìnrin kan láti Ìfọ́n, àbúrò ni sí mi. Irú kókó kan náà ni wọ́n yọ fún wa, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kéré, ó sì jáde ní odidi. Wọ́n ní kó máa lọlé, kó kàn máa wá ṣàyẹ̀wò. Èmi tí tèmi tóbi, tó sì ti bẹ́, wọ́n ní ó lè padà wá, kí n máa lo oògùn lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́ta.

Háà, mo jowú! Ìlobù tí mò ń gbé ò jìnnà sí Ìfọ́n, mo sì ń rí i tó ń ti oko bọ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín, nígbà tí oògùn ń mú ojú mi wú, tí èébì ń gbé mi. Kí ló fi sàn jù mí? Àwọn àgbà ní ìka ò dọ́gba, àmọ́ èmi fẹ́ kí tèmi bá tirẹ̀ dọ́gba dandan. Mo kó oògùn sísàlẹ̀ àpótí aṣọ. Ohun tí kò lò, èmi náà ò ní lò ó.

Ọdún ò tíì yípo tí kókó fi tún yọ. Obìnrin Ìfọ́n yẹn ló kọ́kọ́ wá kí mi. Ó kúnlẹ̀, mo sì jẹ́wọ́ fún un.

"Háà, ẹ̀gbọ́n mi, nítorí tèmi? Èmi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan tèmi rárá kí n tó sáré lọ bá dókítà o!"

Mo ti padà sídìí oògùn, wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ mọ́. Kókó ò lọ, àmọ́ kò dàgbà sí i. Láràárọ̀ ló ń pè mí lórí fóònù: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti lò ó?" Mo ṣì ń jowú rẹ̀, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bí aago méje bá kọjá tí kò pè, àyà mi á máa já, èmi ni mo máa ń pè é, kí n lè gbọ́ pé ara rẹ̀ ṣì le.