Ṣọ́ọ̀bù Òdìkejì Títì

Ọ̀rẹ́ mi lẹ ìwé kan mọ́ ògiri lókè ibùsùn rẹ̀ nínú yàrá tí èmi àti ẹ̀ jọ háyà. Ohun tó kọ síbẹ̀ kò pọ̀: ṣọ́ọ̀bù, àga méjì, dígí gígùn, ọ̀dà aláwọ̀ ewé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, iṣẹ́ gbàjámọ̀ ló ń ṣe. Ọwọ́-Fúyẹ́ ni àwọn oníbàárà ń pè é, nítorí pé ọmọdé a máa sùn lọ lábẹ́ kílípà rẹ̀.

Ọ̀gá rẹ̀ ló ni ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣiṣẹ́. Nínú owó orí kọ̀ọ̀kan tó bá gẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́ta ni tirẹ̀, ìdá méjì jẹ́ ti ọ̀gá, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, tí kò sì fọwọ́ kan kílípà mọ́. Ọdún mẹ́ta gbáko ni Ọwọ́-Fúyẹ́ fi ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́, tó ń fún ọ̀nà ọ̀fun pa, títí owó háyà ọdún kan fún ṣọ́ọ̀bù tó ṣófo ní òdìkejì títì fi ku díẹ̀ kó pé.

Ìwà ọmọlúàbí ló kó bá a. Ó lọ sọ gbogbo ohun tó fẹ́ ṣe fún ọ̀gá, títí kan àwọ̀ ọ̀dà, kó má baà dà bí ẹni tó ń yọ́ lọ. Ọ̀gá gbàdúrà fún un. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ọ̀gá lọ san owó ọdún méjì lórí ṣọ́ọ̀bù náà.

“Mo bá ẹ ṣí i ni,” ó wí. “Ibẹ̀ ni wàá ti máa ṣiṣẹ́. Ìdá kan tó ò ń gbà náà lo ó máa gbà. Ṣé inú ẹ ò dùn ni?”

Ọwọ́-Fúyẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́. Nígbà tó délé, ó yọ ìwé ògiri, ó ká a sínú àpò. Mo rò pé ó ti gba kámú. Mi ò mọ̀ pé ó dì í sínú ni.

Oṣù mẹ́rin ló fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀gá gbé àga tuntun wọlé, ó so dígí gígùn, ó kun ògiri: àwọ̀ ewé náà gan-an. Ọwọ́-Fúyẹ́ ń ṣọ̀yàyà, ó sì ń gba nọ́ńbà fóònù gbogbo ẹni tó bá jókòó. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ilé ìwé wọlé, tí àwọn òbí ń kó ọmọ wá gẹrun rẹpẹtẹ, kò lọ síbi iṣẹ́. Ó ti ra kílípà tirẹ̀. Ó gbé àga onírọ́bà kan léjìká, ó ń bá àwọn oníbàárà lọ sílé wọn. Ọ̀gá jókòó síwájú dígí tuntun, ara rẹ̀ nìkan ló ń rí níbẹ̀.

Ohun kan ni ọ̀gá gbàgbé láti ṣírò: irun orí tirẹ̀. Ọwọ́-Fúyẹ́ ló ń gẹ̀ ẹ́ látọjọ́ yìí, ojú sì ń tì í láti lọ jókòó sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ mìíràn. Ní ọ̀sán Sátidé kan, ó kan ilẹ̀kùn wa. Irun ti bo etí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀la ló fẹ́ lọ mọ àwọn àna ọmọ rẹ̀. Ó bẹ̀bẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, ó wá yọ owó. Ìdá kan nínú mẹ́ta owó tí wọ́n fi ń gẹ orí kan ni, bí ẹni pé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ la wà.

Ọwọ́-Fúyẹ́ wo owó náà, ó ní kó jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ láti etí ọ̀tún, jẹ́jẹ́, títí ọ̀gá fi ń tòògbé. Lójijì ló pa kílípà, ó ní kí n gbé dígí wá.

Ọ̀gá la ojú, ó rí i pé apá ọ̀tún orí òun nìkan ni wọ́n gẹ̀. “Kí lèyí?”

“Iṣẹ́ tí owó yín ká nìyẹn, Ọ̀gá. Ìdá méjì tó kù, ti ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ni.”

Ọ̀gá bú u, ó ní aláìmoore ni, ó ní òun lòun kọ́ ọ ní kílípà dídì mú. Ọwọ́-Fúyẹ́ ń nu eyín kílípà náà. Nígbà tí èébú tán, ó fa owó yọ lábẹ́ ìrọ̀rí. Ó ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù òdìkejì títì lòun fẹ́, òun yóò san gbogbo ohun tí ọ̀gá ná sí i padà lẹ́ẹ̀mẹta, ìdá àkọ́kọ́ rèé.

Ọ̀gá wo dígí títí. Ó tọwọ́ bọ àpò, ó ju kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì.

Ọwọ́-Fúyẹ́ gẹ ìyókù, ó gún régé. Ọ̀gá kó owó, ó lọ láìkí wa. Mo bi ọ̀rẹ́ mi bóyá inú ẹ̀ ti rọ̀ báyìí. Ó ń gbá irun tó funfun jọ.

“Rárá o,” ó ní. “Lọ́la ni mo máa ha ọ̀dà tí ọ̀gá kùn yẹn kúrò lára ògiri mi.”