Ẹrù Tí Vernita Dì Ru Tavaris

Ní Toledo níbí, ní apá ibi tí odò Maumee ti ń súnmọ́ adágún, bí ọ̀dọ́ kan bá lóyún, tàbí tó fún ẹnì kan lóyún, tí kò sì dá a lójú ẹni tó ni ín, yàrá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa ni wọ́n máa ń júwe fún un. Kì í ṣe nítorí pásítọ̀ o. Nítorí Vernita Gaines ni.

Vernita ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé, ohùn rẹ̀ sì lè dá ẹni tó wà ní òdìkejì títì dúró. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ọkùnrin méjì ni wọ́n máa ń nawọ́ sí fún un pé òun ni baba rẹ̀. Ọ̀kan ń gé irun ní òpópónà Dorr, ìkejì ń ṣiṣẹ́ ojú irin. Bó bá kí ti àkọ́kọ́, á ní kó lọ kí ti ìkejì. Àwọn méjèèjì ti kú, kò sì mọ èyí tí ì bá ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi lọ bá pásítọ̀ nígbà tó fẹ̀yìn tì, pé kó fún òun ní yàrá kan.

Kì í bi ẹnikẹ́ni pé, "Báwo lo ṣe ṣe é tó fi rí báyìí?" Oúnjẹ ló máa ń kọ́kọ́ gbé síwájú wọn. Lẹ́yìn náà, bí ẹnì kan bá sọ pé òun fẹ́ lọ ṣe àyẹ̀wò DNA, ìbéèrè méjì ló máa ń bi í. Bó bá jẹ́ tìẹ, kí lo máa ṣe? Bí kò bá jẹ́ tìẹ ńkọ́? Ẹni tí kò bá rí ìdáhùn sí méjèèjì, Vernita kì í tọ́ka ọ̀nà ibi àyẹ̀wò fún un. Àwọn ọmọ á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé Àǹtí Vernita le ju adájọ́ lọ, ṣùgbọ́n wọ́n á padà wá.

Ọ̀kan nínú àwọn tó wá ni Kionna Reddick, ọmọbìnrin tó ń gba owó ní ilé ìtajà oúnjẹ. Ikùn rẹ̀ ti yọ díẹ̀. Àwọn baba wa ní ìyá ló mọ baba ọmọ. Ìyá tí a ń wí yìí kò mọ̀.

"Èmi àti Tavaris, ọ̀rẹ́kùnrin mi, jà," ó ní. "A ò bára wa sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹnì kan wà láàrin ìgbà yẹn. Ó ti kó lọ sí Georgia, fóònù ẹ̀ ò sì lọ mọ́. Ìgbà tí èmi àti Tavaris fi máa parí ìjà, mo ti lóyún."

"Ṣé Tavaris mọ̀?"

"Ó ń kun ibùsùn ọmọ lọ́dà lọ́wọ́ báyìí, Àǹtí. Ṣé kí n lọ gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ẹ̀ ni?"

Vernita sọ fún un pé ọ̀rọ̀ yìí yóò rọrùn láti sọ nísinsìnyí ju ẹ̀yìn ọ̀la lọ. "Ṣùgbọ́n ẹnu tìẹ ni. Èmi ò ní bá ẹ sọ ọ́. Ohun tí wọ́n bá sọ nínú yàrá yìí, inú ẹ̀ ló ń kú sí."

Kionna kò sọ ọ́. Ó bí obìnrin, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Amari. Táyà ni Tavaris Boone ń pààrọ̀ fún àwọn onímọ́tò, ṣùgbọ́n kó tó fọwọ́ kan ọmọ yẹn, á fọ ọwọ́ títí dé ìgúnpá bíi dókítà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, ó gbé kéèkì wá fún Vernita ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Vernita jẹ kéèkì náà. Láti ìgbà yẹn, bó bá rí Tavaris ní ilé ìtajà, tó so ọmọ mọ́ àyà, á yà sí ọ̀nà mìíràn bí ẹni pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tí òun fẹ́ rà.

Ìyá àgbà tó tọ́ Tavaris, Earline Boone, ló kọ́kọ́ la ẹnu. Ní ìdí oúnjẹ ọjọ́ Àìkú ni, níbi tí gbogbo ẹbí pé sí. Màmá náà gbé Amari sórí itan, ó yẹ̀ ẹ́ wò yíká.

"Etí ta nìyí?" ó ní. "Kì í ṣe etí Boone o. Imú ńkọ́? Ta ló yá a nímú?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Tavaris náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ti àwo rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tó di Ìṣẹ́gun, ó wá bá Vernita.

"Ẹ̀yin lẹ mọ Kionna dáadáa," ó ní. "Ẹ wò mí lójú, Àǹtí. Ṣé kí n lọ ṣe àyẹ̀wò yìí?"

Vernita lè sọ pé, "Ọmọ mi, mi ò lè bá ẹ dá sí èyí, jẹ́ kí n mú ẹ lọ bá ẹlòmíràn." Ó lè bi í ní ìbéèrè méjì tó ń bi gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n àṣírí yẹn ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó rí i pé bí Tavaris bá lọ wádìí fúnra rẹ̀, ọrùn òun á sinmi.

"Lọ ṣe é," ó ní. "Ọkàn ẹ á balẹ̀."

Tavaris lọ. Nígbà tí Kionna wà níbi iṣẹ́, ó fi owú nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ nínú, ó sì fi í ránṣẹ́ sí ibi àyẹ̀wò. Èsì dé: òun kọ́ ló bí i. Kionna ń fún ọmọ lóúnjẹ lọ́wọ́ nígbà tí Tavaris bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ rẹ̀ sínú àpò.

"Ta ló ní kó o lọ ṣe é?" Kionna bi í.

"Àǹtí Vernita."

Lọ́jọ́ kejì, Kionna já wọ yàrá ìsàlẹ̀, ó gbé ọmọ sí ìbàdí. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin-márùn-ún jókòó níbẹ̀.

"Ẹ ní inú yàrá yìí ló ń kú sí!"

"Kionna, mi ò sọ fún un. Ọlọ́run gbọ́, ọ̀rọ̀ ẹ ò jáde lẹ́nu mi."

"Lóòótọ́, ẹ ò sọ fún un. Ẹ kàn ní kó lọ wò ó ni. Kí ni ìyàtọ̀?"

Kionna jáde, kò sì padà wá.

Ọ̀rọ̀ náà jẹ Vernita bí egbò. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń tù ú nínú pé òtítọ́ ló ṣáà jáde. Kò lè gba ìtùnú yẹn, torí ó mọ̀ pé kì í ṣe òtítọ́ lòun ń wá lọ́jọ́ náà. Ìsinmi ara òun lòun ń wá. Ó gbọ́ pé bí mọ́tò kan bá ti dún níta, Amari á yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Èyí ló lé e lọ sí ibi iṣẹ́ Tavaris. Ìyẹn wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń tú nọ́ọ̀tì, Vernita sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un láì fi nǹkan kan pamọ́.

"Nígbà tí mo ń kun ibùsùn yẹn, ẹ ti mọ̀?"

"Mo mọ̀ pé kò dá a lójú."

"Ẹ sì jẹ kéèkì mi."

"Mo jẹ ẹ́."

Ó yọ táyà náà kúrò, ó fi ti ògiri. "Pé ẹ pa àṣírí Kionna mọ́, ó yé mi. Ìyẹn ò dùn mí. Gbogbo ọ̀rẹ́ mi tó wá sọ́dọ̀ yín lẹ bi ní ìbéèrè méjì yẹn. Èmi nìkan lẹ ò bi."

"Ká ní mo bi ẹ́ ńkọ́?"

"Ǹ bá ti rí i pé mi ò fẹ́ mọ̀."

Vernita rìn lọ sínú mọ́tò rẹ̀, ó jókòó síbẹ̀ títí, kò lè ṣíná rẹ̀.

Ó fẹ́ ti yàrá náà pa. Pásítọ̀ kọ̀, ó ní ta ni yóò wá máa gbọ́ tàwọn ọmọ náà. Ni Vernita bá lọ bẹ Lamont Tubbs, panápaná tó ti fẹ̀yìn tì, pé kó wá bá òun jókòó. Láti ìgbà yẹn, ẹni tó bá wọlé, kó tó la ẹnu rárá, Vernita á sọ fún un pé bí ẹnìkejì rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà bá ń wá sọ́dọ̀ òun, òun kò lè gbọ́ tàwọn méjèèjì pọ̀. Lamont ni yóò bá ẹnì kan nínú wọn sọ̀rọ̀.

Ọ̀dọ̀ Lamont náà ni Tavaris gbà wá nígbà tí yìnyín yọ́. Vernita wà nínú ilé ìdáná ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń gbọ́ ohùn rẹ̀, kò yọjú. Lamont ló lọ bá Kionna sọ̀rọ̀, tó tún padà, tó tún lọ. Tavaris àti Kionna kò fẹ́ra padà. Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́rú, Tavaris ló ń lọ gbé Amari ní ilé ìtọ́jú ọmọdé, á sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ títí Kionna á fi parí iṣẹ́. Earline ní òun kò rí irú ìyà àfọwọ́fà bẹ́ẹ̀ rí. Síbẹ̀, ọmọ yẹn náà ló ń gbé lé itan ní Ọjọ́rú.

Lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá, ṣọ́ọ̀ṣì wa ń dín ẹja adágún tà. Vernita ló wà nídìí òróró. Tavaris tò dé iwájú rẹ̀, ọmọ ń fà á ní ṣòkòtò. Vernita mú ẹja kan, ó yọ egungun rẹ̀ kúrò fínnífínní, ó fẹ́ ẹ títí tó fi tutù, ó gbé e fún ọmọ.

"Ẹ ṣé, Mìsíìsì Gaines," Tavaris wí. Kò pè é ní àǹtí mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n jọ sọ̀rọ̀ nídìí táyà.

"Kò tọ́pẹ́," Vernita dáhùn, ó sì da ẹja mìíràn sínú òróró, torí èrò ṣì pọ̀ lẹ́yìn.